Ọgọ́rùn-ún Ni Ọ̀gá Ń Fẹ́

Ọkùnrin kan wà tí kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ọ́fíìsì tirẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnu ọ̀nà náà kéré fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ àti orúkọ oyè rẹ̀ jọ ń tóbi sí i lọ́dọọdún ni. Iwájú ọ́fíìsì náà ni àwọn èèyàn ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń dúró de ìwé ìdánimọ̀ wọn, òun sì ti sọ fún Mínísítà pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dúró. Bó bá gba iwájú, yóò rí wọn. Bó bá rí wọn, á jẹ́ pé irọ́ ló pa. Nítorí náà, ẹ̀yìn ló ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìdọ̀tí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé olóòótọ́ èèyàn ni òun.

Ọ̀gá Pátápátá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu. Òun ni olórí ilé-iṣẹ́ tó ń fún ará ìlú ní ìwé ìdánimọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé yìí kò lè fi ọmọ sílé ìwé, kò lè kọjá ẹnubodè, bó bá sì kú, àwọn ẹbí rẹ̀ á kọ́kọ́ bá ìjọba jiyàn bóyá ó wà láàyè rí kí wọ́n tó lè sin ín. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Yóò gba àwòrán ojú èèyàn, yóò fi wé gbogbo ojú tó ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnì kan má baà gbàwé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ìwé náà jáde. Ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ti pọ̀ jù fún un.

Ẹnì kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Akọ̀wé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé ìròyìn lọ bá Ọ̀gá. Kò sí ìròyìn tó korò tí kì í dùn kó tó gbé e dé ọ̀hún. Nígbà tí òjò ya wọ inú ilé-iṣẹ́ náà, ohun tó lọ sọ ni pé, omi ti wá dé gbogbo yàrá báyìí, sà. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Akọ̀wé á ka nọ́ńbà sétí gbogbo òṣìṣẹ́. Èyí tó bá gòkè, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí tó bá wálẹ̀, kò ní kà á. Ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ kò kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iye àwọn tó ń fẹjọ́ wọn sùn di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èyí náà, Ọ̀gá sì fi ọwọ́ sí àyà, ó ní inú òun dùn pé àwọn ará ìlú kò yé dárúkọ àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti jókòó lórí irú bẹ́ǹṣì yẹn rí.

Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Pátápátá ń fẹ́ láyé nígbà náà: àga Igbákejì Mínísítà, tó ṣófo. Ó ti yọ́ lọ jókòó sórí àga náà nígbà kan tí agbálẹ̀ lọ jẹun, ó yí i lọ sápá ọ̀tún, ó yí i wá sápá òsì, ó sì rí i pé ìdí òun bá a mu. Mínísítà ti kéde pé òun yóò ṣèbẹ̀wò sí gbogbo ilé-iṣẹ́, àti pé olórí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yá jù lọ ni òun yóò gbé àga náà fún. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ìjà láàárín Ọ̀gá àti ìrọ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, wà lára àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ sí òdìkejì ẹnubodè, ó sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ìwé, ọrùn ọmọ náà kò tíì le. Nígbà tó fi máa lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé, ọmọ náà ti ń rá kiri, ó sì ti ń já ìwé ya.

Ọ̀gá sọ fún un pé kó gba ẹ̀yìn wá, òun á bá a ṣe tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Obìnrin náà béèrè pé àwọn tó wà níwájú òun lórí ìlà ńkọ́? Ọ̀gá ní kò sí ìlà kankan.

“Kò sí ìlà?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Kí ni ìdí mi wá ń jókòó tì láti òwúrọ̀ dalẹ́, àbúrò mi? Mi ò fẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìn. Jẹ́ kí ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́, ó tán.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọ̀gá díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe onímọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì, tí kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà kejì.

“Méjì?” ni Ọ̀gá wí. “Èwo nínú wọn ló máa wá jẹ́ ọ̀gá?”

Akọ̀wé mi orí, ó ní ìbéèrè yẹn jinlẹ̀. Ọ̀gá wá béèrè bóyá wọn ò lè ti èyí tó wà nílẹ̀ kó sáré sí i. Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe àṣìṣe kan: ó sọ òtítọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ègé pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju bísíkíìtì lọ, ní bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó máa sáré tó, èèyàn sì lè tì í kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń sáré ni yóò máa gbóná, fáànù rẹ̀ nìkan kò sì ní lè tù ú lára. Omi ni wọ́n máa lò. Pọ́ǹpù kékeré kan á máa ti omi gba inú ọ̀pá rọ́bà, omi á kọjá lórí ọpọlọ náà, á gbé ooru rẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀ bíi ti ọkọ̀, fáànù ńlá á fẹ́ ẹ, omi á sì padà wá ní tútù. Bí omi bá ń yí, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dúró, kí wọ́n tètè pa ẹ̀rọ náà.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, “sáré” nìkan ni Ọ̀gá gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù gba etí rẹ̀ kọjá bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ gbé èrò.

Ọ̀dọ́bìnrin náà fara balẹ̀ ṣe é. Ó fi díẹ̀ kún un, ó dán an wò, ó dúró, ó tún fi díẹ̀ kún un. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ìwé tó máa ń gba gbogbo òwúrọ̀ kò gbà ju àkókò téèyàn fi máa jẹ búrẹ́dì kan tán mọ́. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá kúrò lábẹ́ igi, ó dé abẹ́ òrùlé, ó wá ń rí ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gbàwé lọ́ọ̀ọ́kán. Onímọ̀ ẹ̀rọ gbé ojú kékeré kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n sára ògiri yàrá rẹ̀, èyí tó ń fi bí ọpọlọ náà ṣe gbóná tó hàn. Ogójì ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti di ọgọ́ta báyìí. Ó ní bí kò bá ti kọjá àádọ́rin, kò séwu.

Ká ní Ọ̀gá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ni, ìtàn ì bá ti parí, òun náà ì bá sì ti di Igbákejì Mínísítà lónìí. Ṣùgbọ́n ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó rí nọ́ńbà pupa náà lára ògiri. Ó bi Akọ̀wé pé kí nìyẹn. Akọ̀wé kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n “n kò mọ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ níwájú Ọ̀gá.

“Ìtẹ̀síwájú ni, sà,” ló fèsì.

“Ọgọ́ta péré?”

“Ó ń gòkè, sà.”

Bí wọ́n ṣe ń wò ó, nọ́ńbà náà yí, ó di ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ díẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ní, “Sà, bó ṣe gbóná tó nìyẹn o. A ò fẹ́ kó gòkè.”

Ọ̀gá wò ó tàánútàánú. “Ọmọ mi,” ló wí, “ní gbogbo ilé ìwé tí mo lọ, mi ò rí ibi tí wọ́n ti yin ẹni tó gba ọgọ́ta, kí wọ́n wá bá ẹni tó gba àádọ́rùn-ún wí.”

Ó tún fi ọgbọ́n ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ náà ń wọ́, ṣé ogójì kọ́ ló wà? Ní báyìí tó ń sáré, ṣé kò di ọgọ́ta? Tó bá wá di ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Ẹ má fi Ọ̀gá ṣẹ̀sín jù. Ọ̀pọ̀ ìjọba wà tí ìṣirò wọn kò jìn ju èyí lọ, wọ́n sì ń fi í kọ́ afárá.

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé nọ́ńbà náà kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí wọ́n fi ojú tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn iwájú, kó sì di ọgọ́rùn-ún kí Mínísítà tó dé. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ẹ má jẹ́ kí inú yín dùn. Òkè ló ń wò, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ó ń tẹ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ àga kan tẹ ọ̀pá rọ́bà náà mọ́lẹ̀, omi kò lè kọjá mọ́. Nọ́ńbà fò, ó di ọgọ́rin, ó tún fi méjì lé e. Ẹ̀rọ náà ti ń fà bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ìlà sì ti dúró, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìlà? Ọ̀gá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, ó sì ń sọ bí òun ṣe rí ọjọ́ òní nínú àlá láti kékeré. Ibẹ̀ ló dé tí onímọ̀ ẹ̀rọ fi rí àga náà, tó sì gbé e kúrò. Nọ́ńbà ṣubú padà sí ọgọ́ta lójú gbogbo èèyàn. Ọwọ́ tó ti wà lókè láti pàtẹ́wọ́ kò mọ ibi tó máa bà sí.

Ọ̀gá fún un níwèé ìbáwí pé ó fa ìtẹ̀síwájú orílẹ̀-èdè lulẹ̀ nínú wákàtí iṣẹ́. Ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára ohun tó ṣẹlẹ̀: omi ni kò jẹ́ kí àwọn dé ibi tí àwọn ń lọ.

Akọ̀wé ló fi sídìí ẹ̀rọ náà. Akọ̀wé ń ti ọpọlọ náà síwájú lójoojúmọ́, bí ẹni ń ti ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Nígbà tí nọ́ńbà di márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí àwọn tó ṣe é kọ́ ọ pé kó ṣe bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu: ó pa ara rẹ̀.

Ọ̀gá béèrè ẹni tó fún un láyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ìwé ìbáwí sí kọ̀ǹpútà náà, ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, kó sì fèsì kíá. Nígbà tí kò fèsì, Ọ̀gá ní àfojúdi ni. Akọ̀wé bá wọ inú ètò rẹ̀, ó yọ ohun tó ń jẹ́ kó lè dáàbò bo ara rẹ̀ kúrò, ó ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́, ó sáré wá, ó ní ẹ̀rọ náà máa jóná. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́nu géètì pé kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún Mínísítà ní òdòdó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò náà, ó kan ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá. Lẹ́yìn gbogbo ìdúró yẹn, òun ló kàn. Wọ́n ti ya àwòrán ojú rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí gíláàsì, nígbà tí Akọ̀wé wọlé pé kó dìde. Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lójú Mínísítà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Ọ̀gá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oyè tuntun tí wọ́n fẹ́ fi jẹ. Obìnrin náà lọ bá àbúrò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń so táì mọ́ ọn lọ́rùn.

“Àbúrò mi, èmi ló kàn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sùúrù díẹ̀ sí i. Ọjọ́ ńlá ni tòní.”

“Ọmọ yẹn ti ń dìde dúró,” ni obìnrin náà wí. “Tó bá ti rìn tán, kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀rọ yín sì ń rùn dé ibi tí a jókòó. Òórùn ohun tó fẹ́ jó ni.”

Ojú ti Ọ̀gá, ojú tì í dáadáa, fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi so táì náà tán. Lẹ́yìn náà, ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá padà.

Mínísítà dé. Ó gba òdòdó lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin náà sì fẹ́ sọ nǹkan kan sí i létí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé Mínísítà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá onígíláàsì tí ẹ̀rọ náà wà, ibi tí wọ́n ti po aró mọ́ omi inú ọ̀pá rọ́bà náà kó lè bá àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ mu. Ọ̀gá gba gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ ohùn kan kò tó o, ó ní kí wọ́n tan èkejì. Ojú iná tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lára ògiri kò tó. Akọ̀wé wò yíká, ó rí wáyà kékeré kan tí kò jọ pé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó fà á yọ, ó sì ki ti ẹ̀rọ ohùn bọ ibẹ̀.

Wáyà pọ́ǹpù ni.

“Mínísítà wa ọ̀wọ́n,” ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, “ẹ̀yin tí oòrùn ń wo ojú yín kó tó yọ.”

Nọ́ńbà, tó ti wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń dúró de Mínísítà, tún gòkè: àádọ́rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó sọ bí òun ṣe bá ilé-iṣẹ́ náà nínú òkùnkùn. Ó sọ bí òun kò ṣe sùn. Ó ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ òun kò jẹ́ kí òun sọ gbogbo ohun tí òun ṣe, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rin. Omi inú ọ̀pá náà dúró gbári bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mínísítà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Ìyẹn ní kò sí ohun mìíràn, ìtẹ̀síwájú ni, sà. Mínísítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àádọ́rùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ dìde dúró. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n ti ń kà á sókè bí ẹni ń ka góòlù. Ọ̀gá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó ní kó tẹ ìwé òun jáde. Irun orí rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, iwájú orí tẹ̀ lé e, ojú méjèèjì yọ, imú ń bọ̀.

Ọgọ́rùn-ún.

Ariwo ayọ̀ tó sọ nígbà náà, àwọn ará àdúgbò kejì gbọ́ ọ. Àárín ariwo náà ni ọ̀pá rọ́bà, tí ooru ti mú rọ̀, já kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n dè é mọ́. Omi gbígbóná aláró tú jáde gba ojú fèrèsé yàrá náà, ó bá Mínísítà láyà, ó wọ́ lọ sí itan rẹ̀. Èéfín yọ níhìn-ín, iná kú lọ́hùn-ún. Ìwé Ọ̀gá há sẹ́nu ẹ̀rọ níbi imú.

Gbohùngbohùn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣá. Láti inú rẹ̀ ni gbogbo ìlú ti gbọ́ Mínísítà tó ń béèrè pé ta ló gba irú ọkùnrin yìí síṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yin ni, sà. Mínísítà ní kì í ṣe ohun tí òun béèrè nìyẹn. Kó tó gun ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò aláró tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ti lé Ọ̀gá kúrò níbi iṣẹ́, ó sì ti sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Akọ̀wé ńkọ́? Wọ́n fi jẹ olórí onígbà-díẹ̀. Òun ló lọ kí Mínísítà nílé, ó ní aṣọ aláró yẹn dára lára yín, sà.

Ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ló jóná. Àwòrán ojú àwọn ará ìlú wà nínú àpótí mìíràn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Onímọ̀ ẹ̀rọ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lásán méjì, tí ń sáré bí àwọn tó ṣe wọ́n ṣe wí, kò kéré, kò lé. Àwọn ará ìlú sì ti gbé bẹ́ǹṣì wọn wá sí iwájú yàrá náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa tún gbé ọ̀dọ́bìnrin náà lọ sí géètì. Akọ̀wé wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n pọ̀, ó ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá gba ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó dé òdìkejì ẹnubodè, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò ó, ó bú sẹ́kún, nítorí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Pátápátá náà nílò ìwé tuntun, nítorí èyí tó ní kò kọjá imú, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó ń ka imú sí odindi èèyàn. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó tò. Ọkùnrin kan sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá gbé ojú sókè. Nọ́ńbà náà ṣì wà lára ògiri; ogójì ló wà, kò mì. Ìlà ń rìn geere lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi orí, omi lé ròrò sí i lójú.

“Ogójì,” ló wí. “Nígbà tèmi, ọgọ́rùn-ún ni.”

Ọkùnrin náà wo nọ́ńbà, ó wo Ọ̀gá. Wọ́n ti pè é ṣáájú, ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, inki rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó mí kanlẹ̀.

“Ìgbà yẹn mà dáa o,” ló wí.

Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.